Bíríkì Orí Ẹnu-Ọ̀nà Ṣóńṣó

Ojú mi méjèèjì yìí ló rí i. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mo ń pa, kó kọ́kọ́ rìn dé ibi tí mo rìn dé ná. Mi ò pẹ́ nílé ìwé, àmọ́ ọ̀nà ti kọ́ mi débi tí tíṣà ò lè kọ́ni dé.

Mò ń ṣe lébírà nígbà yẹn fún tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan, bíríkìlà làwọn méjèèjì. Wọn kì í bára wọn sọ̀rọ̀. Kí ló fà á? Ẹnu-ọ̀nà olórí ṣóńṣó. Ẹ̀gbọ́n ní àwọn tó ń kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì lókè òkun ló kọ́kọ́ dá a. Àbúrò ní irọ́ ni, àwọn tó ń kọ́ mọ́ṣáláṣí ló ni ín. Èmi tí mo ti sùn lábẹ́ méjèèjì, wọn ò bi mí! Ibi gbogbo tí mo dé, baba ńlá àwọn ará ibẹ̀ ló dá a.

Ògiri ilé ìyá wọn wá sán. Yàrá ìyá ló wà lókè ẹ̀ gan-an. Màmá ní òun ò ní sọ̀ kalẹ̀, àfi káwọn ọmọ òun bára wọn sọ̀rọ̀. Ni wọ́n bá ń mọ ẹnu-ọ̀nà ṣóńṣó sábẹ́ ibi tó sán, kó lè gbé ògiri ró. Ẹ̀gbọ́n ń mọ apá ọ̀tún nínú ilé, àbúrò ń mọ apá òsì níta. Pákó ló gbé e dúró láàárín, títí bíríkì òkè á fi so apá méjèèjì pọ̀.

Ẹ̀gbọ́n kọjú sí mi: "Sọ fún un kó gbé bíríkì òkè sí i."

"Bá mi sọ fún wọn pé iṣẹ́ àgbà nìyẹn."

Kálukú rò pé ẹnì kejì á gbà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, òjò ṣú, ilé ṣókùnkùn. Ẹ̀gbọ́n rò pé àbúrò ti gbé e. Ó fi òòlù gbá pákó dànù.

Mo gbójú sókè. Ihò gbayawu ló wà níbi tó yẹ kí bíríkì òkè wà.

Ògiri ò wó.

Afẹ́fẹ́ dúró. Gbogbo nǹkan pa lọ́lọ́. Lẹ́yìn náà: kó. Kó. Kó. Látinú ògiri.

Màmá ké lókè: "Ta ló ń kan ilẹ̀ yàrá mi látìsàlẹ̀?"

"Màmá, ẹ sọ̀ kalẹ̀!" Àwọn méjèèjì ló jọ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Wọ́n sáré gòkè. Àbúrò wo ẹ̀gbọ́n lójú. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbá apá wọn mú, kí n gbé ẹsẹ̀."

"Ó yá, tètè!"

Wọ́n gbé Màmá jáde. Màmá ń bú wọn: "Ẹ rọra! Èmi kì í ṣe àpò sìmẹ́ǹtì." Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló ń rín.

A wo ẹ̀yìn. Ihò ti dí. Bíríkì pupa pẹlẹbẹ kan ló wà níbẹ̀, kò jọ tiwa. Àmì àtàǹpàkò wà lára ẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ gbé e?"

"Èmi kọ́. Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi náà kọ́ o."

Kálukú fi àtàǹpàkò wọ̀n ọ́n. Kò bá ẹnikẹ́ni mu. Kódà temi, tí kò sí èyí tó tóbi tó o láyé, ó rì sínú ẹ̀.

Wọ́n ṣì ń jiyàn ta ló ni ṣóńṣó. Àmọ́ orí bẹ́ǹṣì kan náà ni wọ́n ti ń jà á báyìí, Màmá sì ń dá sí i láti ojú fèrèsé ẹ̀ lókè.

Lánàá ni mo gbabẹ̀ kọjá. Mo gun àkàbà, mo fọwọ́ kan àmì àtàǹpàkò yẹn.

Ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí ọwọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e síbẹ̀.