Oko Kan, Olóko Méjì

Nínú ilé àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì kan tí wọ́n jọ jogún oko, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ rí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa òkúta kúrò nínú àgbàdo.

"Ẹ kú àárọ̀ o, Ìyá Ètò. Ṣé wọ́n ti san án?"

Orúkọ tí àwọn àgbẹ̀ sọ mí nìyẹn, torí èmi ni mò ń bá wọn sọ̀rọ̀ ètò owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń san fún olóko. Ó ti sú mi láti máa gbọ́ ìbéèrè yẹn.

"Orúkọ ọkọ yín ò jáde, ìyá. Ti àbúrò rẹ̀ náà ò jáde."

Ó gbé igbá sílẹ̀. "Èyí tí mò ń ṣà yìí ló kù nínú irúgbìn wa. A ti se ìyókù jẹ. A rò pé owó yẹn la máa fi ra òmíràn kí òjò tó dé."

Ọkọ rẹ̀ jáde síta. "Àbúrò mi ni! Ó ti lọ bà mí jẹ́ lọ́ọ́fíìsì yín."

Àbúrò gbọ́ látojúde tirẹ̀ lódìkejì. "Èmi kẹ̀? Ẹ̀yin lẹ ò jẹ́ kí wọ́n fún mi ní tèmi!"

Mo ní kí wọ́n sinmi ariwo. "Ẹ̀gbọ́n, nígbà tí àwọn tó ń wọn ilẹ̀ wá, ibo lẹ fi hàn wọ́n?"

"Láti etí odò títí dé ìdí igi méjì. Oko bàbá mi ni."

"Ẹ̀yin ńkọ́, àbúrò?"

Ó họ orí. "Láti etí odò títí dé ìdí igi méjì. Ṣé kì í ṣe bàbá tèmi náà ni?"

Ọdún kọkànlá rèé tí bàbá wọn ti kú. Ẹ̀gbọ́n ń ro apá òkè, àbúrò ń ro apá ìsàlẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ dárúkọ ààlà, káyé má baà ní wọ́n ń jà. Nígbà tí àwọn tó ń wọn ilẹ̀ wá, kálukú dá lọ lọ́jọ́ tirẹ̀, ó sì nawọ́ sí gbogbo rẹ̀.

"Kọ̀ǹpútà ò mọ ọmọ ìyá," mo sọ fún wọn. "Ó rí ilẹ̀ kan lábẹ́ orúkọ méjì, ó rò pé ẹ fẹ́ lu jìbìtì, ó bá yọ ẹ̀yin méjèèjì."

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mí kanlẹ̀. "Àìkọ́wọ̀ọ́rìn ejò ló ń jẹ ejò níyà."

"Ọ̀la ni ọjọ́ tí wọ́n fún wa láti ṣàtúnṣe orúkọ ń parí," mo ní. "Ẹ jẹ́ ká lọ sóko báyìí."

Ẹsẹ̀ ń ro mí, àmọ́ mo tẹ̀ lé wọn. Nígbà tó pẹ́, ẹ̀gbọ́n dúró, ó sì fi ọkọ́ gúnlẹ̀. "Ààlà rèé."

Àbúrò wò ó. "Ẹ̀gbọ́n, apá tèmi pọ̀ jù báyìí."

"Mo mọ̀. Ọmọ rẹ náà ló pọ̀ jù."

Àbúrò fẹ́ rẹ́rìn-ín, omi ló bọ́ lójú rẹ̀.

Mo fi àtúnṣe náà ránṣẹ́ kí ọjọ́ tó pé. Owó náà padà jáde, kálukú sì gba ti apá tó ń ro. Àmọ́ òjò àkọ́kọ́ ti lọ kó tó dé. Wọ́n gbìn pẹ́, àgbàdo wọn ò sì tó nǹkan lọ́dún yẹn. Ó dùn mí gan-an, torí ìrìn tí ò tó wákàtí kan ni wọn ò jọ rìn.

Ẹ̀yin àgbẹ̀, mo bẹ̀ yín. Ilẹ̀ tí ẹ ń fọwọ́ ara yín ro ni kẹ́ ẹ forúkọ yín sí, kì í ṣe gbogbo ogún bàbá yín. Bí orúkọ yín ò bá jáde, ẹ má fẹ̀sùn kan ará ilé. Ẹ wá bi wá kí ọjọ́ àtúnṣe tó kọjá, a kì í gba kọ́bọ̀. Ẹ má sì se irúgbìn jẹ nítorí owó tí ẹ ò tíì rí.

Kí ẹ tó pe ẹni tó máa wọn ilẹ̀, ẹ kọ́kọ́ pe ara yín.