Ìròyìn Ayọ̀ Tó Gba Àga Lọ́wọ́ Mi

"Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni mo ti lè rí ọ̀gá tó ń tún ẹ̀rọ ṣe?"

Ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin náà kọ́kọ́ bá mi sọ nìyẹn, ẹsẹ̀ mi ló sì ń sọ ọ́ fún, torí abẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni ìyókù ara mi wà.

"Òun lo dúró tì yẹn," ni mo fi dá a lóhùn.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yọjú wò mí, ó rí bí tàdáwà ṣe kùn mí lójú. Mo ń retí ẹ̀rín ẹlẹ́yà tí mo ti mọ̀ mọ́ àwọn ọkùnrin tuntun. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá mi. Ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n ní kí n ti wá kọ́ṣẹ́."

Jẹ́jẹ́ là ń pè é nílé-ìtẹ̀wé wa, torí ó máa ń rọra gbé bébà bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Mo kọ́ ọ ní gbogbo ohun tí mo mọ̀. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í dá ìrìn ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ̀ láàárín ariwo ẹ̀rọ. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí n má parọ́. Ìdí omi tí a ti ń fi kẹrosíìnì fọwọ́ ló ti béèrè bóyá màá fẹ́ òun.

"Olólùfẹ́ mi, ọwọ́ mi ò mọ́," ó ní, "àmọ́ ọkàn mi mọ́."

"Fọ ọwọ́ náà ná," mo ní. Mo gbà, mo sì ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

Lákòókò yẹn, bàbá tó jẹ́ olórí yàrá ẹ̀rọ fẹ́ fẹ̀yìn tì. Gbogbo wa la mọ ẹni tí ipò náà kàn. Ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀ ti pè mí sókè sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó ní, "Ìwọ ni. Fọkàn balẹ̀." Mo fọkàn balẹ̀.

Jẹ́jẹ́ ò lè pa ayọ̀ mọ́ra. Ó pàdé ọ̀gá àgbà lórí àtẹ̀gùn, ó sọ fún un pé a fẹ́ ṣègbéyàwó. Ọ̀gá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó kí i kú oríire. Jẹ́jẹ́ sáré wá bá mi, ó ní ọ̀gá ti súre fún wa.

Ìre ọ̀hún dé lọ́jọ́ Ajé. Ọ̀gá àgbà kó gbogbo wa jọ, ó kéde pé Jẹ́jẹ́ ni olórí yàrá ẹ̀rọ.

"Ẹni tó fẹ́ gbéyàwó, ẹrù ń bọ̀ léjìká ẹ̀," ó ní, "ó yẹ ká ràn án lọ́wọ́. Ìyàwó wa náà, ẹ jẹ́ kó sinmi. Ọmọ á dé láìpẹ́."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan tún gbá mi léjìká, ó ní kú oríire.

Mo gun àtẹ̀gùn lọ bá a. "Ọ̀gá, ẹ ní èmi ni."

"Inú ẹ ò dùn fún ọkọ ẹ ni? Ilé kan náà ṣáà lowó ń lọ."

"Ipò ni ẹ ṣèlérí fún mi, mi ò tọrọ ọkọ lọ́wọ́ yín."

"Wò ó, o ṣì máa dúpẹ́ lọ́wọ́ mi." Ó gbé fóònù rẹ̀, ọ̀rọ̀ mi ti parí nìyẹn.

Àwọn tó kàwé máa ń pe irú èyí ní àjà onígíláàsì: ò ń rí àwọn tó wà lókè, ò ń rí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà wọn pàápàá, ìgbà tí o bá fẹ́ gòkè ni orí ẹ máa tó gbá nǹkan. A ti tẹ ìwé pélébé nípa rẹ̀ rí fún ìpàdé àwọn obìnrin kan. Ọ̀gá àgbà yìí ló lọ sọ̀rọ̀ níbẹ̀, èmi ni mo tẹ ọ̀rọ̀ tó kà. Ohun tí ò sí nínú ìwé náà ni pé wọ́n lè gbé gíláàsì ọ̀hún lé olólùfẹ́ ẹni lọ́wọ́, kó bá wọn dì í mú. Inú bí mi. Ìròyìn kan ṣoṣo ló sọ ọkùnrin di ẹni tó ṣeé gbára lé, tó sọ obìnrin di ẹni tí ò wúlò mọ́. Irú ìwà ìrẹ́jẹ wo nìyẹn?

Nílé, ìyá mi ní, "Ṣé kì í ṣe ọkọ ẹ ni? Ohun tó bá ojú, ó ti bá imú."

"Màámi, imú ló wà lórí àga, ojú ló ń sunkún."

"Rọra o. Ọkùnrin kì í fẹ́ obìnrin tó ń bá wọn dupò."

Jẹ́jẹ́ dé nírọ̀lẹ́, kò lè wò mí lójú. "Ìfẹ́ mi, mi ò mọ̀ pé ó máa rí báyìí. Màá kọ ipò náà."

"Tí o bá kàn kọ̀ ọ́, wọ́n á gbé e fún ẹlòmíì. Sọ ìdí tó o fi kọ̀ ọ́. Sọ ọ́ níbi tí wọ́n ti pàtẹ́wọ́."

"Ìyá mi ti gbọ́. Wọ́n ti ń fi mí yangàn kiri àdúgbò."

"Ó dáa. Lọ jókòó ti ìyá ẹ."

Mo tilẹ̀kùn. Mi ò lè jẹun. Mo fẹ́ràn rẹ̀, mo ń bínú sí i, ìkan ò sì jẹ́ kí ìkejì rímú mí.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ fi í sípò, ó dìde.

"Ọ̀gá, ẹ ṣé o. Àmọ́ ìgbéyàwó kan náà lẹ gbọ́. Ẹ fi gbé mi ga, ẹ fi rẹ ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ sílẹ̀. Ọmọ tí ẹ ní ó ń bọ̀ yẹn, ṣé ìyá ẹ̀ nìkan ló máa tọ́ ọ ni? Èmi ni bàbá ẹ̀. Tí ọmọ bá ń yọ èèyàn nípò, ẹ yáa yọ èmi náà."

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá àgbà ní obìnrin ti jókòó lé e lórí. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti gbé ipò náà fún ọkùnrin míì tí kò níyàwó, tí kò sì ní in lọ́kàn. Bẹ́ẹ̀, ẹrù ìyàwó ni wọ́n ní àwọn fẹ́ bá èèyàn gbé!

Àwa méjèèjì kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, a sì ṣègbéyàwó. Ìyá rẹ̀ lejú láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ìyá mi ń bẹ̀ ẹ́, Jẹ́jẹ́ kò jọ̀wọ́ ọwọ́ mi.

Lẹ́yìn náà la wáṣẹ́ síbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Níbi tiẹ̀, wọ́n bi í bóyá ó níyàwó. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní ẹni tó ti fìdí kalẹ̀ làwọn ń wá. Wọ́n bi èmi náà bóyá mo lọ́kọ. Mo ti gbọ́n: mo ní rárá.

Láràárọ̀, kí n tó dé géètì, mo máa ń bọ́ òrùka mi fún Jẹ́jẹ́. Ó máa ń dùn ún.

"Títí dìgbà wo, ìyàwó mi?"

"Títí dìgbà tí mo bá di olórí. Lọ́jọ́ yẹn, màá wọ̀ ọ́ wọlé, màá sì nawọ́ sókè kí gbogbo wọn rí i."

Ìka rẹ̀ tó kéré jù ló máa ń fi òrùka mi sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiẹ̀, á wọ méjèèjì lọ síbi iṣẹ́. Wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ níbẹ̀ pé ṣé ìyàwó méjì ló fẹ́ ni. Lóṣù tó kọjá, wọ́n fi kún owó rẹ̀, wọ́n ní ọkọ gidi ni. Èmi rèé, mi ò jalè, mi ò pànìyàn, ẹni tí mo nífẹ̀ẹ́ ni mo fẹ́, àmọ́ èmi ni mò ń fi í pa mọ́.