Ẹran Tí Kò Gbẹ, Ọ̀rá Tí Kò Ní Afẹ́fẹ́

“Ẹ ti gbọ́ nǹkan tí wọ́n ní…”

“Ti lẹ́tà yẹn? Wọ́n ní ọmọ Ìyá Wándé tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù…”

“Ẹ rọra sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ẹran ni. Ẹran tí Àpèkẹ́ dì.”

“Háà! Àpèkẹ́ ìyàwó tíṣà? Àbúrò bàbá ọmọ?”

“Òun náà ni. Wọ́n ní kí ọmọ ọ̀hún tó dákẹ́, ó dárúkọ rẹ̀. Ó ní ọwọ́ Àǹtí ni…”

“Ọwọ́ Àǹtí ni kí ni?”

“Èmi ò sí níbẹ̀ o. Ẹnu Sàníù ni wọ́n ti gbọ́.”

Báyìí ni ọ̀rọ̀ náà ṣe rìn ní Ìyànà Ọ̀fà ní ọdún 1964, láti ìdí àtẹ onígààrí dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.

Òótọ́ tó wà níbẹ̀ kò pọ̀. Wándé, àkọ́bí Gbọ́njúbọ́lá tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Wándé, tó ń kọ́ iṣẹ́ yíya àwòrán ilé ní Lọ́ńdọ̀nù, ti kú. Ó jẹ ẹran ọ̀yà yíyan tí ìyá rẹ̀ fi ránṣẹ́. Olúmúyìwá, ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń gbé yàrá, ló kọ lẹ́tà sílé, ojú ewé méjì gbáko. Sàníù tó máa ń bá àwọn ará àdúgbò gba lẹ́tà ló ka ojú ewé kìn-ín-ní fún ìyá náà. Nígbà tó kà á dé ìsàlẹ̀, níbi tí wọ́n kọ “ẹran tí Àǹtí Àpèkẹ́ bá yín dì” sí, ìyá figbe ta. Ó já ìwé gbà, ó ká a, ó so ó mọ́ etí ìró. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka ojú ewé kejì.

Ọjọ́ mẹ́jọ ni ìwé náà fi wà nínú kókó yẹn.

Àpèkẹ́ ní ẹ̀rọ kan tí ẹlòmíì ò ní irú rẹ̀ ní agbègbè wa. Inú ọ̀rá láílọ́ọ̀nù tó nípọn ni wọ́n ń ki oúnjẹ sí. Ẹ̀rọ náà á fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde títí ọ̀rá á fi lẹ̀ mọ́ oúnjẹ bí awọ, á sì fi ooru lẹ ẹnu ọ̀rá náà pa. Ọwọ́ òyìnbó alápatà kan tó ń padà sílùú rẹ̀ ló ti rà á. Àwọn ìyá tó ní ọmọ lókè òkun ń gbé gààrí àti èlùbọ́ wá bá a láti Erunmu títí dé Ṣáṣá. Kòkòrò ò jẹ ẹ́, omi ò kàn án, ó sì ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ bó ṣe kúrò nílé.

Lẹ́yìn lẹ́tà yẹn, ẹnikẹ́ni ò wá mọ́. Ẹnì kan tilẹ̀ da eérú sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Àpèkẹ́ ránṣẹ́ pe Ọ̀gbẹ́ni Josiah. Ọ̀gbẹ́ni yìí ń ṣiṣẹ́ ìwádìí oúnjẹ n'Íbàdàn, òun ló sì bá Àpèkẹ́ yan ẹ̀rọ náà. Ó di gààrí díẹ̀ sínú ọ̀rá, ó rì í sínú korobá omi di ọ̀sán. Nígbà tó yọ ọ́, gààrí náà gbẹ fúrúfúrú.

“Ẹ̀rọ yín ò ṣẹ̀,” ló wí. “Kí lẹ dì fún ọmọ náà?”

“Ẹran ọ̀yà.”

“Ṣé ó gbẹ?”

Àpèkẹ́ wolẹ̀. “Ó rọ̀.”

“Ṣé mo sọ fún yín pé kẹ́ ẹ má di ẹran tó rọ̀, àbí n ò sọ?”

“Ẹ sọ.”

“Ṣé ó kù?”

“Ọ̀rá mẹ́rin la dì. Ọ̀kan ló lọ. Mẹ́ta wà lọ́wọ́ Ìyá Wándé. Ó ní òun fẹ́ tọ́jú rẹ̀ de ìkúnlẹ̀ Fúnmi, àbúrò Wándé, ó tilẹ̀ kọ ọ́ sí Wándé bẹ́ẹ̀.”

“Fúnmi ti bí?”

“Ó di ọjọ́ mẹ́fà lónìí.”

Josiah ti dìde. “Ẹ dìde. Ẹ jẹ́ ká lọ.”

Èmi aládùúgbò tó ń bá Ìyá Wándé tọ́jú abiyamọ, aṣọ ọmọ ni mò ń sá ní àgbàlá rẹ̀ nígbà tí wọ́n wọlé. Bí Ìyá Wándé ṣe rí Àpèkẹ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì dí ẹnu ọ̀nà yàrá, ó sì fi orúkọ tó máa ń pe àbúrò ọkọ rẹ̀ yìí pè é.

“Adúmáadán, ẹ wá wo èyí tó kù ni? Ẹ ti pa ọkùnrin. Obìnrin ló kàn?”

“Ìyàwó mi, bú mi bó o ṣe fẹ́. Ẹran yẹn dà?”

“Ẹran wo? Ẹ̀yin lẹ fi ọwọ́ yín ki ti Wándé sínú ọ̀rá. Mẹ́ta yòókù, ọwọ́ ara mi ni mo fi kì í. Ọwọ́ ibi kankan ò kàn án. Méjì wú, mo sọ ọ́ nù. Ẹ̀kẹta ò wú rárá, ó lẹ̀ mọ́ra bó ṣe wà. Òun ni Fúnmi ń fi jẹ ẹ̀kọ lọ́wọ́ báyìí.”

Josiah gba abẹ́ apá rẹ̀ kọjá, kò kí ẹnikẹ́ni. Olúfúnmi jókòó lórí ẹní, ó ti fi ọ̀bẹ ya ọ̀rá, ó mú ègé ẹran kan lọ́wọ́. Josiah gbá a dànù. Ọmọ tuntun ta jí, ó figbe bọnu.

“Ṣé orí yín pé ṣá?” ni Ìyá Wándé pariwo.

“Ó pé, Màmá. Fúnmi, ṣé o ti jẹ níbẹ̀?”

“Rárá, sà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́…”

“O ò lá ọwọ́ ẹ?”

“Mi ò lá a.”

“Lọ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Fọ̀ ọ́ dáadáa.”

Ìyá Wándé ṣa ègé ẹran náà nílẹ̀, ó gbé e súnmọ́ imú. “Kò rùn! Ẹ̀yin náà ẹ gbóòórùn rẹ̀. Ẹran tó bá bàjẹ́ ń rùn.”

“Irú èyí lè má rùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e sílẹ̀. Báwo ni ti Wándé ṣe bẹ̀rẹ̀? Ṣé ara rẹ̀ gbóná?”

“Wọ́n ní kò gbóná.” Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. “Wọ́n ní ó ń rí nǹkan ní méjì-méjì. Ìpéǹpéjú rẹ̀ ò gbé ara rẹ̀ mọ́. Ahọ́n rẹ̀ wúwo. Lẹ́yìn náà ni èémí…”

“Màmá, ènìyàn kankan ò bu májèlé sí i. Kòkòrò kan wà tí ojú ò lè rí, inú erùpẹ̀ ló ń gbé, ó sì ń bá ẹran àti ẹja wọlé. Kò fẹ́ afẹ́fẹ́. Níbi tí afẹ́fẹ́ bá wà, á sùn síbẹ̀ ni. Ẹ fa afẹ́fẹ́ kúrò fún un, ẹ fi omi ara ẹran sílẹ̀ fún un, ó sì wà nínú ooru ọkọ̀ òkun fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ilé lẹ kọ́ fún un. Májèlé tí òun fúnra rẹ̀ ṣe síbẹ̀ ló pa Wándé.”

“Ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹ̀rọ náà kì í jẹ́ kí nǹkan bàjẹ́!”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Èmi ni,” ni Àpèkẹ́ dáhùn. “Bí mo ṣe ń polówó rẹ̀ nìyẹn. Ọjọ́ tó gbé ẹran wá, mo tẹ̀ ẹ́ wò, ó rọ̀. Mo ní kó dá a padà sórí ààrò. Ó ní ọmọ òun kì í jẹ ẹran líle, pé eyín Wándé kì í ṣe eyín ajá. A jọ rẹ́rìn-ín. Mo bá tẹ ẹ̀rọ.”

“Ẹ lè kọ̀,” ni Josiah wí.

“Mo lè kọ̀.”

“Ẹ̀yin lẹ ni ẹ̀rọ. Ẹ̀yin ló yẹ kẹ́ ẹ kọ̀.”

Ìyá Wándé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kò sunkún. Ó kàn ń fi ọwọ́ nu ilẹ̀ níbi tí ẹran náà ti já bọ́ sí.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin oníṣòwò oúnjẹ, ẹ gbọ́. Ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ kì í pa kòkòrò, kì í sì í mú ohun tó tutù gbẹ. Kí ẹ tó ra irú rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ fẹ́ máa fi dì. Gààrí, èlùbọ́, ẹ̀wà gbígbẹ, ẹran tó gbẹ títí tó ń ró kà bí a bá ṣẹ́ ẹ, gbogbo ìwọ̀nyí ṣe é dì. Ẹran rírọ̀, ẹja tútù tàbí ọbẹ̀ kò ṣe é dì, àfi bí ẹ bá ní fìríìjì tí yóò mú un tutù láti ọjọ́ tí ẹ dì í títí di ọjọ́ tí wọn yóò sè é. Ẹ jẹ́ kí ohun tó gbóná tutù kí ẹ tó gbé e dé ìdí ẹ̀rọ. Ẹ nu ẹnu ọ̀rá, nítorí òróró kì í jẹ́ kó lẹ̀. Ẹ má ra ẹ̀rọ lọ́wọ́ ẹni tí kò lè kọ́ yín ní lílò rẹ̀. Ẹ fi gààrí àti omi dán an wò kí ẹ tó sanwó, bí Ọ̀gbẹ́ni Josiah ṣe dán ti Àpèkẹ́ wò.

Bí ọ̀rá bá wú, ẹ má tọ́ ọ wò. Bí kò bá sì wú, ìyẹn nìkan kò tó ẹ̀rí pé ohun inú rẹ̀ dára. Ẹ má fi irú ẹran bẹ́ẹ̀ fún ajá, ẹ gbẹ́ ilẹ̀ jìn kí ẹ rì í mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá jẹun tó wá ń rí nǹkan ní méjì-méjì, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà. Ẹ má dúró de ibà. Bí lẹ́tà bá sì dé, ẹ kà á tán kí ẹ tó dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ìyá Wándé tú etí ìró rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Olúfúnmi ló ka ojú ewé kejì, ọmọ wà ní itan rẹ̀, Àpèkẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ohun tí Olúmúyìwá kọ síbẹ̀ nìyí:

“Kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, ó gba pẹ́ńsùlù lọ́wọ́ mi. Bó ṣe kọ ọ́ ni mo ṣe dà á kọ, n kò fi kún un, n kò sì yọ níbẹ̀: ‘Sọ fún Ìyá mi pé ẹran náà dùn. Mo jẹ ẹ́ tán. Kí wọ́n má fún Fúnmi nínú ìyókù.’”