Kànáfùrù Inú Tíì Tútù

Okùn tíì ni ọkùnrin náà kọ́kọ́ rí, kó tó rí ọmọbìnrin tó ń dà á. Ó pupa rúsúrúsú, ó gùn tó apá àgbàlagbà, ó sì ń ṣàn láàárín jọ́ọ̀gì méjì: ọ̀kan lókè orí, èkejì níbàdí. Ńṣe ni ọmọbìnrin náà ń da tíì gbígbóná látinú ọ̀kan sínú èkejì kó lè tètè tutù, ẹ̀kán kan kò sì ta sílẹ̀. Oòrùn ọ̀sán gba ojú fèrèsé ilé ìdáná wọlé, ó la okùn náà kọjá, ó wá bà lé ọmọbìnrin náà lọ́rùn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ní fìríìjì kan ń ṣàìsàn níbí."

"Ó ti kọjá àìsàn," ni ọmọbìnrin náà fèsì láìwẹ̀yìn. "Ó ti kú láti ìjẹta. Àfi tí ẹ bá mọ bí wọ́n ṣe ń jí òkú."

"Mo ti jí èyí tó ti ń rùn rí."

Ó yíjú padà, ó rẹ́rìn-ín, tíì sì dà sílẹ̀.

"Ẹ ò rí i? Ẹ ò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ ti bà á jẹ́."

Nígbà tí mò ń sọ yìí, fìríìjì kò tíì pọ̀ lójúlé, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n tún ṣe, ẹni ńlá ni. Ẹlẹ́rọ ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkùnrin náà. Tíṣà ni wọ́n ń pe ọmọbìnrin náà, torí àwọn ọmọ kéékèèké ló ń kọ́ nílé ẹ̀kọ́ tó wà nísàlẹ̀ òpópónà. Òun àti ìyá rẹ̀, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ni wọ́n jọ ń gbé yàrá méjì. Bàbá ti lọ tipẹ́. Ó ní òun ń lọ ra búrẹ́dì, òun ń bọ̀. Tíṣà, ọmọ ọdún méje nígbà náà, jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí ilẹ̀ fi ṣú. Láti ọjọ́ yẹn ló ti kórìíra irọ́ kékeré ju irọ́ ńlá lọ. "Ìwọ̀nba ènìyàn ló lè pa ńlá," ló máa ń wí. "Kékeré ló ń túlé."

Iṣẹ́ wákàtí kan ni fìríìjì náà, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni Ẹlẹ́rọ fi ṣe é. Lọ́jọ́ kẹta, Màmá bojú wò ó láti orí àga rẹ̀.

"Ọmọ yìí, ṣé fìríìjì lò ń tún ṣe ni, àbí ò ń rọbí ẹ̀?"

"Ẹ má bínú, mà. Ó nílò ìtọ́jú."

"Mo rí ibi tí ojú ìtọ́jú náà ń wò."

Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí Sátidé tí Ẹlẹ́rọ kì í wá, torí ọjọ́ Sátidé ni Tíṣà ń ṣe tíì fún ìyá rẹ̀. Á gún atalẹ̀, á sè é pẹ̀lú kànáfùrù àti èèpo sínámọ́nì títí òórùn rẹ̀ á fi gba ilé kan. Á pa iná, á rẹ àpò tíì mẹ́fà sínú omi náà fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré, torí bó bá pẹ́ jù á korò. Ìgbà tó bá ṣì gbóná ni ṣúgà ń wọlé. Omi ọsàn àti ti ọ̀pẹ̀ òyìnbó, ó di ìgbà tó bá tutù.

"Ṣebí mo ti tún fìríìjì ṣe," ni Ẹlẹ́rọ wí. "Kí ló dé tí o ò gbé e síbẹ̀ báyìí?"

"O mọ fìríìjì, o ò mọ tíì. Bó bá bá òtútù pàdé lójijì, á dà bí omi àgbàrá. Fara balẹ̀, jàre."

Tíṣà fúnra rẹ̀ kì í tọ́ ọ wò. Ọgbẹ́ inú ń dà á láàmú, dókítà sì ti ní kí atalẹ̀ àti kànáfùrù má kọjá ọ̀fun rẹ̀. Ẹnu ìyá rẹ̀ ló gbẹ́kẹ̀ lé.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ni pé ẹnu Màmá ti kú. Ibà kan ló dá a dùbúlẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú. Nígbà tí ibà ń lọ, ó kó adùn gbogbo nǹkan dání. Obìnrin tó fi ọgbọ̀n ọdún pàṣẹ ní wọ́ọ̀dù kò ní wá sọ fún ọmọ rẹ̀ pé òun ò mọ iyọ̀ yàtọ̀ sí ṣúgà mọ́. Nítorí náà, bó bá ti mu tíì, tó wá adùn títí tí kò rí i, á ní, "Fi kànáfùrù kún un díẹ̀." Tíṣà á sì fi kún un.

Nígbà tí ife àkọ́kọ́ máa fi kan Ẹlẹ́rọ, wọ́n ti ń fi kún un fún oṣù mẹ́fà. Ó gbé e mì. Ọ̀fun rẹ̀ ta, ahọ́n rẹ̀ kú, ó dà bíi pé ó jẹ ilé oògùn kan tòun ti kọ́ńtà. Tíṣà ń wò ó bí ọmọ tó ń dúró de èsì ìdánwò.

"Ó ńkọ́?"

Ọ̀rọ̀ kan péré ni òtítọ́ ìbá gbà á. Ṣùgbọ́n ojú ọmọbìnrin náà ló wò, kò wo ife. "N ò mu irú ẹ̀ rí," ló wí.

Ẹ̀yin tí ẹ ti fẹ́ràn ènìyàn rí, ẹ má tètè dá a lẹ́bi. Irọ́ àkọ́kọ́ ló le. Àwọn yòókù mọ ọ̀nà ilé.

Ọdún kan ni wọ́n fi fẹ́ra wọn báyìí. Ẹlẹ́rọ a bó ọsàn, Tíṣà a fún un, Màmá a sùn lórí àga tàbí kó ṣe bí ẹni tó sùn. Lọ́jọ́ kan, Tíṣà fi ọwọ́ tútù kan án létí.

"Ọkàn mi, nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá gba ìsinmi, wá bá Màmá sọ̀rọ̀."

"Ọ̀rọ̀ wo?"

"Ọ̀rọ̀ fìríìjì! Olórí kunkun." Lẹ́yìn náà, ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Ẹnu méjì péré ni mo gbà gbọ́ láyé yìí, ti Màmá àti tìẹ. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ fẹ́ ẹ."

Ẹlẹ́rọ la ẹnu láti jẹ́wọ́. Ó pa á dé. Lọ́la, ló wí fún ara rẹ̀.

Kí ọ̀la náà tó dé, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ fẹ̀yìn tì, wọ́n sì fẹ́ ṣe ìdágbére fún un. Tíṣà ní òun á ṣe ohun mímu. Ó béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ bóyá ó ti tó. "Fi díẹ̀ kún un." Ó béèrè lọ́wọ́ Ẹlẹ́rọ. "Ó pé." Kúlà mẹ́ta ló kún, yìnyín ń dún nínú wọn.

Ọ̀gá ló kọ́kọ́ mu. Ó wúkọ́, ó fi àǹkáṣíìfù bo ẹnu. Àwọn ọmọ tu tiwọn sára òdòdó. Ìyá ọmọ kan gbé ife sókè, ó béèrè lóhùn rara pé, "Tíṣà, ẹ gbà wá o. Ṣé a ó tún mu èyí lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ ni, àbí ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ti tó?" Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín.

Ẹlẹ́rọ dìde látẹ̀yìn. Ó bu ife kan, ó gbé e mì. Ó bu èkejì, ẹ̀kẹta. "Ó dùn o!" ló ń kígbe, omijé ń dà lójú rẹ̀ nítorí atalẹ̀. Ẹ̀rín wá pọ̀ sí i. Ibẹ̀ ni Tíṣà ti mọ̀.

Nílé, kò pariwo. Ì bá sàn ká ní ó pariwo.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ àkọ́kọ́. N ò fẹ́ kó dùn ẹ́, olólùfẹ́ mi."

Màmá bú sẹ́kún lórí àga. "Fi í sílẹ̀, ọmọ mi. Èmi ni. Láti ìgbà àìsàn yẹn, omi lásán ni gbogbo nǹkan lẹ́nu mi."

Tíṣà kúnlẹ̀, ó gbá ìyá rẹ̀ mọ́ra. Lórí èjìká Màmá, ó wo Ẹlẹ́rọ. "Àìsàn ló mú ìyá mi. Ìwọ ńkọ́? Ahọ́n tìẹ le koko. O jẹ́ kí n fi ọwọ́ ara mi gbé ìtìjú mi lọ síbẹ̀. Jọ̀ọ́, máa lọ."

Ó lọ. Ó rí iṣẹ́ sílé iṣẹ́ yìnyín kan nílùú òkèèrè. Ó kọ lẹ́tà mẹ́ta, kò rí èsì, ó dákẹ́. Tíṣà kọ́ àwọn ọmọ, lẹ́yìn náà ó kọ́ ọmọ àwọn ọmọ náà. Ọdún mọ́kàndínlógún gorí ara wọn.

Lórí ibùsùn ìkẹyìn rẹ̀, Màmá di ọwọ́ Tíṣà mú. "Èmi ni mo kọ́kọ́ parọ́, o sì dárí jì mí lójú ẹsẹ̀. Kí ló dé tí ti Ẹlẹ́rọ fi pẹ́ báyìí?"

"Ẹ̀yin lẹ bí mi, Màmá."

"Mo mọ̀. Mò ń rí ọ tí ò ń dúró dè é nídìí fèrèsé yẹn, mo mọ̀ pé ó yẹ kí n ránṣẹ́ pè é. N ò pè é. Ó tẹ́ mi lọ́rùn pé èmi nìkan ni mo ni ọ́." Ó sunkún bí ọmọdé. Tíṣà nu ojú rẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ó kọ ìwé sílé iṣẹ́ yìnyín: "Màmá ti lọ. Bí o bá lè wá, máa bọ̀." Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, Ẹlẹ́rọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, irun rẹ̀ funfun báláú, ó tẹ̀ díẹ̀. Wọ́n jókòó.

"Ṣé mo ti gbó?" ni Tíṣà béèrè.

Ẹlẹ́rọ wò ó dáadáa. "O ti gbó. Ọrùn ẹ ti hunjọ. Ohun kan tún wà tó yẹ kí o gbọ́: lọ́dún kẹrin, ó ku díẹ̀ kí n fẹ́ ẹlòmíràn. A ti dá ọjọ́. Èmi ni mo sá."

"Kí ló tún kù?"

"A ò lè bímọ mọ́. Lójoojúmọ́ ni mò ń rò ó. Ká ní mo sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni, wọn ì bá ti ga jù wá lọ."

Tíṣà sunkún títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ìgbà tó dákẹ́, ó fà á lọ́wọ́. "Ká lọ kọ orúkọ wa, kí ọjọ́ tó kù má tún lọ bẹ́ẹ̀."

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n lọ. Akọ̀wé ìgbéyàwó, ọ̀dọ́bìnrin kan tó ní jìgí lójú, ń kọ èsì wọn sínú ìwé.

"Ẹ ti mọra yín tó ọdún mélòó?"

"Ogún ọdún," ni Tíṣà wí.

"Ọdún kan," ni Ẹlẹ́rọ wí lẹ́ẹ̀kan náà. "Ìyókù, a fi ṣòfò ni."

Akọ̀wé gbé bírò dúró lófuurufú, ó ń wo ti ọ̀tún, ó ń wo ti òsì. "Èwo ni kí n wá kọ báyìí?"

Tíṣà tẹ ọwọ́ ọkọ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lábẹ́ tábìlì.

"Kọ tiẹ̀, ọmọ mi," ló wí. "Tiẹ̀ ni òótọ́."