Orúkọ Tí Àlejò Pè

Láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé tí àlejò wa láti ilẹ̀ Pọtogí kọ́kọ́ wọ kíláàsì mi, kò ṣí ìwé orúkọ tí mo gbé lé e lọ́wọ́. Lẹ́tà Bùlùgéríà ló wà nínú rẹ̀, kò sì lè kà á. Ó kàn dúró níwájú pátákó, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì ń pe àwọn ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan látorí wá, bí ẹni tó ti ń kọ́ wọn láti kékeré.

Adérito lorúkọ rẹ̀, olùkọ́ ìṣirò bíi tèmi. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fẹ́ lò lọ́dọ̀ wa lábẹ́ ètò pàṣípààrọ̀ àwọn olùkọ́. Tó bá di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, èmi Zlatina Koleva á lọ sí ilé-ìwé tiwọn.

Ó pe orúkọ kan: "Nevena Hadzhieva." Kò sẹ́ni tó dáhùn. A ò ní Nevena. Ó sì fo Mladen, ọmọ gíga tó máa ń jókòó lẹ́bàá fèrèsé.

"Mladen, o ti kú nìyẹn," ẹnìkejì rẹ̀ wí.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Òkú kì í jókòó ṣèdánwò."

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Àlejò náà rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ.

Èmi náà ń rẹ́rìn-ín rẹ̀ títí di Ọjọ́rú. Lọ́jọ́ náà, ìyá kan láti ìlú Plovdiv fa ọmọbìnrin kan lọ́wọ́ wọlé. Ó ní ìjẹta ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé iṣẹ́ bàbá rẹ̀ wá sílùú wa. Mo bi ọmọ náà lórúkọ.

"Nevena Hadzhieva, mà."

Gègé bọ́ lọ́wọ́ mi. Ojú mi lọ tààrà sọ́dọ̀ Mladen lẹ́bàá fèrèsé. Bí ẹni tí àlejò pè bá ti dé, ẹni tó fò ńkọ́?

Lọ́jọ́ Ẹtì, a fẹ́ fi bọ́ọ̀sì kó àwọn ọmọ lọ wo ihò àpáta. Mo ní Mladen ò ní bá wa lọ. Màmá Gyurga, ìyá ìyá rẹ̀, ló wá bi mí nídìí rẹ̀, ó gbé bánítsà gbígbóná dání, búrẹ́dì oníwàràkàṣì ilẹ̀ wa, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo yàrá olùkọ́.

"Zlatina ọmọ mi, kí ni ọmọ yẹn ṣe?"

Mo rọra sọ gbogbo rẹ̀ sí i létí. Mo rò pé yóò sunkún ni. Màmá rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú.

"Ta ló sọ fún ẹ pé ikú nìkan ló ń pa orúkọ rẹ́? Ilé-ìwé àwọn olórin ti gbà á. Ìwé dé láàárọ̀ yìí. Láti Ọjọ́ Ajé, ibẹ̀ ni yóò ti máa fọn fèrè alápò awọ ewúrẹ́ rẹ̀ yẹn, kí etí tèmi lè sinmi."

A jẹ bánítsà náà tán pátá. Mladen bá wa lọ, ó fọn fèrè nínú ihò náà, àpáta sì ń gbè é.

Lọ́jọ́ tí Adérito ń padà lọ, mo bi í ní ohùn jẹ́jẹ́ bó ṣe mọ orúkọ wọ̀nyẹn. Ó yà á lẹ́nu.

"Ẹ̀yin náà lẹ fi àwọn orúkọ náà ránṣẹ́ sí mi lóṣù kẹfà, ní lẹ́tà Pọtogí. Mo há wọn sórí kí ojú má bàa tì mí ni."

Ó fi fóònù rẹ̀ hàn mí. Ọ̀dọ̀ mi ni ìméèlì náà ti wá lóòótọ́. Nevena wà níbẹ̀. Mladen ò sí. Lóṣù kẹfà, Mladen ò tíì gbé fèrè lọ síwájú olórin kankan, èmi ò sì rántí pé mo kọ nǹkan kan.

Nísàlẹ̀ ni mo ti fọwọ́ sí i: Zlatina Peltekova.

Koleva ni orúkọ ìdílé tí mo gbà lọ́wọ́ bàbá mi, mi ò sì lọ́kọ rí. Níbi wa, obìnrin tó bá wọlé ọkọ ló ń pààrọ̀ orúkọ ìdílé. Mo ti wádìí lọ́dọ̀ akọ̀wé ìlú. Kò sí ọkùnrin kankan níbí tó ń jẹ́ Peltekov, tí ìyàwó rẹ̀ ì bá máa jẹ́ Peltekova. Ẹ̀rù ń bà mí díẹ̀, àmọ́ mo ti rán aṣọ tuntun méjì. Bí ọkùnrin àjèjì bá sì kan ilẹ̀kùn yàrá olùkọ́, mo máa ń bi í lórúkọ ìdílé rẹ̀ kí n tó ní kó wọlé.