Òdìkejì Afárá

Àbúrò mi Wùnmí bímọ ní New Jersey, mo sì lọ bá a wẹ ọmọ. Mo mú ọmọ mi Doyin dání láti Bronx ní New York, a sì gba orí afárá kọjá. Mọ́ńdè ló máa sọ̀rọ̀ níwájú kíláàsì fún ìdánwò, bẹ́ẹ̀ ó ń kólòlò. Joanna, olùtọ́jú tó ń kọ́ ọ bó ṣe máa sọ̀rọ̀, ló máa bá a dánra wò kẹ́yìn lórí fóònù ní Sátidé yẹn.

Kí Joanna tó bẹ̀rẹ̀, ó máa ń béèrè ibi tí Doyin wà. Ìwé àṣẹ iṣẹ́ rẹ̀, New York nìkan ló dé. Nígbà tí Wùnmí gbọ́, ẹ̀rín ló fi mí rín. Ó ní ṣé fóònù máa ń rí afárá ni? Kí Doyin sáà ní Bronx lòun wà. Èmi... ẹ̀rù bà mí. Ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ ní ìlú yìí máa ń dẹ́rù bà mí. Mi ò gbà, mi ò kọ̀. Mo kàn ń wo ojú Doyin.

Joanna béèrè. "Bronx" rọ Doyin lẹ́nu. "New" ló máa ń há a lọ́fun, ó sì máa ń sá fún un. Ó wò mí. Ó mí kanlẹ̀.

"Mo wà ní N... N... New Jersey."

Joanna yìn ín. Ó ní ó ṣeun, pé ọ̀rọ̀ tó ń sá fún ló sọ yẹn. Àmọ́ òun ò lè kọ́ ọ níbẹ̀, wọ́n lè gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ òun. Ó ní àwọn ìpínlẹ̀ kan ti ń bá ara wọn ṣàdéhùn, kí olùtọ́jú lè ṣiṣẹ́ kọjá ààlà, ṣùgbọ́n àdéhùn náà ò tíì kan òun. Joanna gé ìpè náà. Doyin bú sẹ́kún.

Wùnmí ní, "Òótọ́ dọ́jà, ó kùtà. Ṣó o ti rí i?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé mi dìde. Mo pe Joanna padà. Mo bi í pé tá a bá kọjá afárá ńkọ́? Ó ní òun á dúró dè wá.

A wọ bọ́ọ̀sì. Lódìkejì afárá, a jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ibùdókọ̀, ariwo ọkọ̀ gba gbogbo ibẹ̀. Joanna tún béèrè ibi tó wà. Doyin rẹ́rìn-ín músẹ́.

"N... New York."

Ní Mọ́ńdè, ó kólòlò níwájú kíláàsì, àmọ́ kò fo ọ̀rọ̀ kankan. Ó yege.

Ẹ̀yin ọmọ, irọ́ máa ń tètè jáde lẹ́nu ju òótọ́ lọ. Bí òótọ́ bá há yín lọ́fun, ẹ mí kanlẹ̀, kẹ́ ẹ sọ ọ́. Ọ̀nà á là. Tiwa, bọ́ọ̀sì kan péré ni.