Lẹ́ǹsì Tí Awóyẹmí Yàn

"Ẹ má fọwọ́ kan gíláàsì iwájú rẹ̀ o. Etí rẹ̀ ni kí ẹ ti mú un."

Dókítà Fúnlọ́lá Adébíyìí ló ń sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, bó ṣe ń tú ẹrù rẹ̀ sórí tábìlì ní yàrá sáyẹ́ǹsì ilé-ìwé kan ní Ifẹ̀. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ onísáyẹ́ǹsì rọ̀gbà yí i ká. Ìmọ̀ nípa ẹja ni obìnrin yìí ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì, ilé-ìwé wọn yìí náà ló sì ti jáde kí ó tó di ẹni tí ń wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sílùú òyìnbó. Kámẹ́rà aláwọ̀ ìyeyè kan ló kọ́kọ́ mú jáde, kò tóbi rárá. Ó ní èèyàn lè rì í sínú omi kí ó fi ya fótò níbẹ̀, omi kò sì ní í wọ inú rẹ̀. Ẹnu ya gbogbo wọn. Ní ọdún 1995 tí à ń wí yìí, púpọ̀ nínú wọn kò tíì fọwọ́ kan kámẹ́rà rí, àfi kí wọ́n dúró gbọnin síwájú ti onífótò lọ́jọ́ Iléyá tàbí ọjọ́ Kérésì.

Lẹ́yìn èyí ló wá mú lẹ́ǹsì àfikún méjì jáde. Ọ̀kan tóbi, gíláàsì rẹ̀ yọ síta rìbìtì bí ojú ọ̀pọ̀lọ́, ó sì ń dán gbinrin. Èkejì kéré, wáyà kan yọ síwájú rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ bíi férémù.

"Èyí ńlá máa ń gba ibi tó fẹ̀," ni Dókítà wí. "Bí gbogbo yín bá ń lúwẹ̀ẹ́, ó lè kó yín sínú fótò kan ṣoṣo. Èyí kékeré, nǹkan wẹ́wẹ́ tó wà nítòsí ni tirẹ̀. Ohun tó bá bọ́ sáàárín wáyà yìí ni yóò hàn kedere. Èyíkéyìí tí ẹ bá fẹ́ lò, inú omi ni kí ẹ ti fi í sẹ́nu kámẹ́rà, kí afẹ́fẹ́ má baà há sáàárín wọn. Kámẹ́rà kan ni mo ní, ilé-ìwé méjì ni mo sì ṣèlérí fún, ẹ̀yin àti ilé-ìwé kan ní Modákẹ́kẹ́. Kámẹ́rà á máa lọ, á máa bọ̀ láàárín yín, ṣùgbọ́n lẹ́ǹsì kọ̀ọ̀kan ni ẹ ó gbà. Ẹ̀yin lẹ ó kọ́kọ́ yàn. Ohun tí ẹ fẹ́ yà ni kí ẹ fi yan án o, ẹ má fi dídán yan án."

Gbogbo ojú yí sí Awóyẹmí, olórí ẹgbẹ́. Ó mọ ohun tó yẹ kó mú. Láti ìgbà tí Dókítà ti kọ̀wé ránṣẹ́ nípa lẹ́ǹsì méjèèjì ni òun àti Fàrídà, akọ̀wé ẹgbẹ́, ti jọ sọ ọ́ di àdéhùn.

Fàrídà kò wá sílé-ìwé lọ́jọ́ náà, nítorí inú ń run Àlíyù àbúrò rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ọmọ náà ti ń tọ ẹ̀jẹ̀. Odò Aláró, lẹ́yìn ilé wọn, ni òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti máa ń lúwẹ̀ẹ́ bí oòrùn bá mú. Fàrídà sì ti kà á nínú ìwé bàọ́lọ́jì pé àwọn ìgbín wẹ́wẹ́ kan wà tí ń gbé abẹ́ ewé inú omi, àwọn ló ń tọ́ kòkòrò tí ń gba awọ ara wọlé tó sì ń mú kí èèyàn tọ ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún Ìyá àgbà? Òun ni àwọn òbí wọn fi wọ́n sí lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n lọ ṣòwò ní Kánò. Ìyá àgbà ní bí obìnrin ṣe ń rí nǹkan oṣù rẹ̀ náà ni ọkùnrin ṣe ń rí tirẹ̀ kí ó tó di géńdé. Inú rẹ̀ tilẹ̀ ń dùn pé ọmọ-ọmọ òun ti ń dàgbà. Ọjọ́ tí Fàrídà mú ìgbín kan bọ̀ nínú ìgò, ìgbín ti kó wọ karawun rẹ̀, Ìyá àgbà sì bú sẹ́rìn-ín.

"Òkúta wẹẹrẹ tí ẹ ṣà nílé-ìwé yín nìyí. Láti ìgbà ọmọge mi ni mo ti ń fọṣọ ní Aláró, n ò rí ìgbín níbẹ̀ rí. Ọjọ́ tí mo bá fojú ara mi rí i nínú omi yẹn, màá gbà kí ẹ gbé Àlíyù lọ sí ọsibítù."

Ìdí nìyí tí Fàrídà fi rán Awóyẹmí níṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn pé, "Má gbàgbé o, èyí tó ń ya nǹkan wẹ́wẹ́."

Awóyẹmí na ọwọ́ sí lẹ́ǹsì kékeré. Abdulmajeed, ọ̀rẹ́ rẹ̀, fi ìgbọ̀nwọ́ gún un ní ìhà.

"Má sọ pé ìyẹn lo fẹ́ mú! Kí àwọn ará Modákẹ́kẹ́ gbé ńlá lọ síbi ìdíje sáyẹ́ǹsì ní Òṣogbo, kí àwa máa gbé ojú abẹ́rẹ́ bọ̀ lẹ́yìn wọn? Wọ́n á fi wá ṣẹ̀sín títí a ó fi jáde ìwé mẹ́wàá."

Àwọn yòókù ní òótọ́ ni. Awóyẹmí tún wo lẹ́ǹsì ńlá náà. Ó rí ara rẹ̀ ní Òṣogbo, tó gbé e kọ́rùn, tí àwọn ọmọ ilé-ìwé mìíràn ń bi í léèrè pé kí nìyí. Ó wá ń bá ọkàn ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ pé ohun tó lè kó odindi odò, ṣé ìgbín ni kò ní í lè mú? Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ohun tí kò tọ́ kì í wá àwáwí tì.

"Ńlá la mú, mà."

"Ṣé ó dá ọ lójú?" Dókítà béèrè.

"Ó dá mi lójú, mà."

Irọ́ ni. Kò dá a lójú rárá.

Nígbà tó sọ fún Fàrídà, ọmọbìnrin náà kò pariwo. Ó kàn ní, "Ó dáa. Jẹ́ ká lọ yà á bẹ́ẹ̀." Wọ́n wọ bàtà òjò àti ìbọ̀wọ́ rọ́bà gígùn, wọ́n dúró lórí pákó tí wọ́n fi ṣe afárá, wọ́n sì ya fíìmù kan tán. Ọ̀dọ̀ onífótò kan ní àdúgbò Mayfair ni wọ́n ti fọ̀ ọ́.

Àwọn fótò náà rẹwà. Ìtànṣán oòrùn là kọjá nínú omi, koríko odò tẹ̀ síbì kan, gbogbo rẹ̀ lọ salalu. Ṣùgbọ́n àwọn ìgbín náà kò ju hóró ata lọ. Ìyá àgbà yí fótò náà sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

"Omi Aláró nìyí lóòótọ́. Ó mà dára o! Ìgbín ńkọ́?"

Fàrídà fi ìka tọ́ka sí i.

"Èyí? Ìdọ̀tí ló ta sí fótò yín." Ó dá a padà fún wọn, ó sì ń bá àlùbọ́sà tó ń gé lọ.

Kámẹ́rà wá lọ sí Modákẹ́kẹ́, nítorí ìgbà tiwọn ti tó. Ọyẹ́ dé, ọyẹ́ lọ. Oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn wá mú débi pé àwọn ọmọdé fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ odò Aláró di ilé, Àlíyù sì wà láàárín wọn. Ojú rẹ̀ ti funfun, okun inú rẹ̀ ti ń tán. Lọ́jọ́ kan, níbi tí àwọn ọmọ tò sí láti kọrin àárọ̀ ní ilé-ìwé rẹ̀, ó ṣubú lulẹ̀. Wọ́n bu omi sí i lójú kí ó tó jí. Ìyá àgbà ní oòrùn ló mú un.

Fàrídà pàdé Awóyẹmí lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì lọ́jọ́ kejì. Omijé ti gbẹ lójú rẹ̀.

"Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo rán ọ," ló wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ náà dun Awóyẹmí wọ eegun. Àwọn àgbà ní kékeré ni abẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Òun náà ti fojú kéré ohun kékeré, ọmọ ọlọ́mọ ló sì ń jìyà rẹ̀. Lẹ́yìn ilé-ìwé, ó gbé lẹ́ǹsì ńlá náà, ó forí lé Modákẹ́kẹ́. Abdulmajeed ké tẹ̀ lé e pé, "Àwọn yẹn lo fẹ́ lọ bẹ̀?" Awóyẹmí ń bá ìrìn rẹ̀ lọ. Ilé-ìwé náà kò jìnnà, ṣùgbọ́n ìtìjú mú kí ọ̀nà gùn.

Àmọ̀kẹ́ ni olórí ẹgbẹ́ onísáyẹ́ǹsì níbẹ̀, ọmọbìnrin tí ẹnu rẹ̀ mú. Ó gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ tán, ó káwọ́ lẹ́rán.

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ yàn? Kí ló dé tí ẹ mú ohun tí ẹ ò ní í lò?"

"Èmi ni mo mú un. N kò fẹ́ kí ó bọ́ sọ́wọ́ yín."

Àmọ̀kẹ́ kọ́kọ́ lanu sílẹ̀, ó wá bú sẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí bẹ́ǹṣì. "Adágún tí a ti ń sin ẹja lẹ́yìn kíláàsì wa la fẹ́ yà! Láti ìgbà tí kámẹ́rà ti dé ọ̀dọ̀ wa, bí a kò bá ya ojú ẹja, ìrù ẹja la ó yà. A ò rí odindi ẹja kan yà rí. Ńlá yẹn gan-an la ń wá."

"Kí ló dé tí ẹ ò wá gbà á?"

"Kí a wá bẹ ará Ifẹ̀?" Ojú ti Àmọ̀kẹ́ díẹ̀. "Àwa náà gbéraga. Gba lẹ́ǹsì kékeré, mú kámẹ́rà náà dání. Ti ọmọ tó ń ṣàìsàn ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe."

Lọ́tẹ̀ yìí, Awóyẹmí ní àwọn kò ní í ya fótò kankan lẹ́yìn Ìyá àgbà. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí ó fi tẹ̀ lé wọn dé odò, tòun ti ọ̀pá rẹ̀.

"Ẹ̀yin ni kí ẹ tọ́ka sí ewé tí ẹ fẹ́ kí a yà, mà."

Ìyá àgbà na ọ̀pá sí ewé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta tó máa ń fọṣọ lé lórí. Awóyẹmí wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ó ri kámẹ́rà bọ omi, ó fi lẹ́ǹsì sí i níbẹ̀, ó rọra mì í kí afẹ́fẹ́ jáde. Ó fi wáyà náà ká abẹ́ ewé yẹn gan-an, ó sì tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí fótò dé, ìgbín kún inú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan tóbi tó hóró àgbálùmọ̀. Wọ́n ti yọ jáde nínú karawun, wọ́n ń jẹ ewé. Ìyá àgbà gbé fótò sún mọ́ ojú.

"Wọ́n níwo. Lẹ́bàá òkúta mi!" Ó fa ọ̀pá rẹ̀ mọ́ra. "Fàrídà, dìde, wọ aṣọ fún àbúrò rẹ. A ń lọ sí ọsibítù."

Dókítà ọsibítù ní oògùn wà fún Àlíyù, yóò sì san. Ṣùgbọ́n àpò ìtọ̀ rẹ̀ ti lọ́gbẹ́. Ká ní wọ́n tètè gbé e wá kí ọyẹ́ tó mú ni, ìbá má ti wọra tó báyìí. Yóò máa wá fún àyẹ̀wò fún ìgbà pípẹ́.

Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, wọ́n ń retí oògùn. Ìyá àgbà di ọwọ́ Awóyẹmí mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà fún un pé ìwọ ọmọ tó là mí lójú, Ọlọ́run Ọba yóò dá ọ lọ́lá, ìwọ náà kò ní í fojú sunkún ọmọ. Fàrídà gbójú sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, kò ṣe àmín.

Àdúrà náà ń gbóná mọ́ Awóyẹmí lára.

"Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná. Ó yẹ kí ẹ ti rí fótò yẹn kí ọyẹ́ tó dé. Fàrídà sọ èyí tí n ó mú fún mi. Èyí tí yóò mú kí wọ́n máa wò mí ni mo mú."

Ìyá àgbà tẹjú mọ́lẹ̀. Kò fi ọwọ́ Awóyẹmí sílẹ̀, kò sì wo ojú rẹ̀.

"Wọ́n fi hàn mí nínú ìgò, mo fi rẹ́rìn-ín," ló wí. "Ṣùgbọ́n èmi ò mọ̀. Ìwọ mọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mo mọ̀."

"Hẹn-ẹn." Ó mí kanlẹ̀. "Má tíì lọ sílé. Jókòó tì wá títí wọn yóò fi fún un ní oògùn náà, kí o rí i bí ó ṣe ń gbé e mì."

Awóyẹmí jókòó. Fàrídà sún díẹ̀ kí àyè lè gbà á.

Gbogbo àgbà péjọ, wọn kò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Ẹni tí kò mọ̀, èèyàn lè fi hàn án, kí ojú rẹ̀ sì là. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ èyí tó tọ́, tó wá yan èyí tó ń dán kí wọ́n lè máa wo òun, ó lè tọrọ àforíjì kí wọ́n sì fún un. Ọgbẹ́ tó wà lára ẹlòmíràn kò ní í torí bẹ́ẹ̀ jinná kíákíá. Bí yíyàn bá kàn ọ́, bi ara rẹ léèrè ẹni tí yóò ru ẹrù rẹ̀, kí o tó nawọ́.